Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Jí?

Òwúrọ̀ lọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ẹni tí ó jókòó ti iṣẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́jà tàbí lórí gbèsè, àfàìmọ̀ kí ọ̀sán má pọ́n kí ọkàn náà tó bá a nídìí iṣẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń gba ara wa níyànjú pé kí olúkúlùkù ní ìlànà tí yóò máa tẹ̀ lé: kí ó jí ní àkókò kan náà, kí ó jókòó síbì kan náà, kí ó sì kọ́kọ́ dojú kọ iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n jù, kí ó tó fọwọ́ kan fóònù. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sanwó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní 1815, tí ó sì kú ní 1882. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, kò sì fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ títí di 1867; síbẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ 47 ni ó kọ. Nígbà tí ó ń gbé ní Waltham Cross, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ó ti ń wà nídìí tábìlì. Yóò fi ìdajì wákàtí ka ohun tí ó kọ lánàá, kí etí rẹ̀ lè tún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dún. Lẹ́yìn náà yóò gbé aago síwájú, yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó múra fún oúnjẹ òwúrọ̀, iṣẹ́ ìwé ọjọ́ náà ti parí.

Bàbá arúgbó kan tí ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀ ni ó ń jí i. Pọ́n-ùn 5 ni Trollope ń fi kún owó bàbá náà lọ́dún nítorí iṣẹ́ yìí, kò sì pẹ́ gbé kọfí wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1883, Trollope wí pé bóyá ni òun kò jẹ bàbá yìí ní gbèsè ju ẹnikẹ́ni lọ fún àṣeyọrí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí ju aago rẹ̀ lọ.

Ní tiwa ńkọ́? Kí ọ̀gá télọ̀ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọṣẹ́ ti gbálẹ̀, ó sì ti fi òróró sí ẹ̀rọ. Nílé, ìyàwó ti dáná, ọmọ ọ̀dọ̀ ti pọn omi, a sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pariwo, nítorí bàbá ń ronú. Nígbà tí ó bá di agogo mẹ́wàá, ọmọ ọ̀dọ̀ náà yóò máa tòògbé ní kíláàsì, olùkọ́ yóò sì pè é ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ná òwúrọ̀ tirẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹnìkan lè wí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ayé rí, ẹni tí ó sìn lónìí ni a ó sìn lọ́la. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ni ó wá kọ́, yóò sì gba òmìnira. Ìgbà wo ni ti ìyàwó? Ìgbà wo ni ti ọmọ ọ̀dọ̀? Obìnrin inú Òwe orí 31 tí a máa ń yìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Kò jí wọn kí wọ́n wá bọ́ òun.

Kì í ṣe pé kí a pa ìlànà òwúrọ̀ tì. Ìyàwó tí ó jẹ́ tíṣà náà ní nóòtù ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó fi ọkàn tútù kọ. Bí ọkọ bá dáná ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, tí a sì ti pọn omi sílẹ̀ lálẹ́, ìdájí yóò kárí. Kí olùkọ́ bi kíláàsì léèrè: nínú ilé yín, ta ni ó kọ́kọ́ jí láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ ta ni ó sì jí ṣe?