Iṣẹ́ Amí àti Ọ̀ràn Ìfọkàntán

Ǹjẹ́ Onígbàgbọ́ lè ṣe amí kí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́? Graham Greene, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, ṣe iṣẹ́ náà fún ìjọba rẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní 1942 sí 1943. Ìwé ìtàn rẹ̀, The Human Factor, tí ó jáde ní 1978, kò fi ìdáhùn tí ó rọrùn fún wa.

Castle, òṣìṣẹ́ amí Gẹ̀ẹ́sì, ń fi àṣírí ránṣẹ́ sí àwọn ará Rọ́ṣíà. Kì í ṣe nítorí owó. Kọ́múnístì kan ni ó ran Sarah, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó di aya rẹ̀, lọ́wọ́ láti sá kúrò ní South Africa. Oore yìí ni Castle ń san. Èmi kò lè yára dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀gá mọ̀ pé àṣírí ń jò, Davis ni wọ́n fura sí, ẹni tí òun àti Castle jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Wọ́n fi májèlé pa á. Davis kò sì mọwọ́-mẹsẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò dárúkọ Ráhábù. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni Ìwé Hébérù yìn, kì í ṣe irọ́ tí ó pa.

Ìfọkàntán ni amí ń ná, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní 1886, àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ wa, Charles Phillips àti Samuel Johnson, ṣe ońṣẹ́ àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì-Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì. Bí wọ́n bá ti lọ tú àṣírí ibùdó kan fún èkejì, ta ni ì bá fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé wá?