Ìfura Loògùn Àgbà: Ẹ̀ẹ̀mélòó Lóòjọ́?

Ìfura loògùn àgbà. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú wa tí kò gbọ́ òwe yìí dàgbà. Àjà ò fura, àjà jìn. Ilé ò fura, olè kó o. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, oògùn kì í ṣe ẹ̀bà téèyàn ń jẹ títí yóò fi yó. Oògùn ní ìlò. Panadol ní iye hóró tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Àgbo tí ìyá àgbà sè ní ife tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ta ló wá kọ ìlò ìfura fún wa? Ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́? Ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi nìyí: bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, kí la jẹ ẹ́ ní gbèsè? Ṣé ayọ̀ ni, àbí ìfura?

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí pápá eré ìje, níbi tí aago ti ń ṣe ìdájọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, nílùú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo igi 10 tó wà lójú ọ̀nà 100 mítà, ó sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Láti ọdún 2016 tí Kendra Harrison ọmọ Amẹ́ríkà ti sá 12.20, ẹnikẹ́ni kò tíì lè bá a. Lọ́jọ́ kan náà, nínú àṣekágbá, Amusan tún sá 12.06, àmọ́ atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ju èyí tí òfin gbà lọ, wọn ò ka ìyẹn sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Omijé ayọ̀ ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Michael Johnson, àgbà ọ̀jẹ̀ asáré tó ń ṣàlàyé eré náà fún BBC, ní kò dá òun lójú pé aago yẹn péye, torí àwọn tó sá eré tó dáa jù láyé wọn lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, pé bàtà àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ló wọ̀. Òfin gba bàtà náà láyè, wọ́n sì fọwọ́ sí 12.12 gẹ́gẹ́ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Inú bí àwọn èèyàn wa, wọ́n bú Johnson lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹnu fi kan.

Ká má tan ara wa o. Ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ní irú ìfura yìí ni? Kí wọ́n tó máa ṣe oògùn eré ìje sínú abẹ́rẹ́ ni Yorùbá ti ní kánàkò, oògùn tí í sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Ẹni tó bá tètè dé ibi tó jìnnà, kánàkò ló lò. Ọmọ tó bá mọ̀wé, ìsọ̀yè ni bàbá ẹ̀ ṣe fún un. Ajìjàkadì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kanlẹ̀ rí, ìfúnpá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oògùn, ni à ń pe ohun tó ń wo ibà, ohun tó ń dín ọ̀nà kù, àti ohun tí wọ́n ń wá kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn asáré.

Mo lọ wo eré ìje àwọn ọmọ iléèwé kan rí lágbègbè Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà tó gba Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin kan sá 800 mítà láìwọ bàtà. Ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn yínmú, ó ní, "Ọmọ yìí? Ẹ lọ wo ìdí ẹ̀ dáadáa." Ó tán. Kí wọ́n tó pín ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ náà ti yí pápá po. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí nǹkan kan tí ọmọ yẹn lè ṣe láti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Tó bá tún sáré lọ́dún tó ń bọ̀, tó tún borí, wọ́n á ní, "Ṣebí a wí?" Tí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á ní oògùn náà ti bà jẹ́ ni. Ẹjọ́ tí kò sí bí a ṣe lè rò ó tí a fi lè jàre, ṣé ẹjọ́ nìyẹn?

Ṣé ká wá sọ ìfura nù pátápátá ni? Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Sunday Bada. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ní Sydney, òun àti Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong sá eré onígi-pínpín 4 x 400 mítà fún Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 58.68 ni wọ́n fi sá a. Amẹ́ríkà ṣe ipò kìíní, àwọn tiwa gba fàdákà, a jó, a yọ̀. Ó di ọdún 2008 kí Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, tó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn. Ó tún di ọdún 2012 kí ìgbìmọ̀ Olympics tó kéde pé Nàìjíríà ló ni ín. Ọdún 12 gbáko! Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ẹni tó sáré ti wọlẹ̀ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó dé.

Kì í sì í ṣe àwọn ará ìta nìkan ló ń rẹ́ni jẹ. Blessing Okagbare gba idẹ nínú fífò jíjìn ní Beijing lọ́dún 2008. Nígbà tó di 2017, wọ́n gba fàdákà lọ́wọ́ Tatyana Lebedeva ọmọ Rọ́ṣíà nítorí oògùn, idẹ Okagbare sì di fàdákà. Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2021, ní Tokyo, lọ́jọ́ tó yẹ kó sá eré 100 mítà tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n dá òun náà dúró. Wọ́n bá oògùn adàgbà nínú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀, wọ́n sì tún bá EPO nínú òmíràn. Ọdún 10 ni wọ́n fi lé e kúrò nínú eré ìje, wọ́n tún fi ọdún kan lé e. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lánàá ló di ẹni tó ń rẹ́ni jẹ.

EPO yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ó máa ń mú kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa púpọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ pupa ló sì ń gbé atẹ́gùn lọ fún iṣan. Ẹni tó bá ti sá 800 tàbí 1,500 mítà rí mọ̀ pé èémí ló kọ́kọ́ ń tán kí ẹsẹ̀ tó kọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìfura fi fẹ́ràn àárín ibẹ̀ yẹn láti máa gbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1983, nílùú Munich, Jarmila Kratochvílová ọmọ Czechoslovakia sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 53.28. Orílẹ̀-èdè tó sá a fún ti pín sí méjì, rẹ́kọ́ọ̀dù náà ṣì dúró fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Àwọn tó ń fura sí i pọ̀ bí eèrùn. Síbẹ̀, wọn ò bá oògùn lára rẹ̀ rí, òun náà sì ní òun ò lò ó. Kí la fẹ́ ṣe fún obìnrin yìí? A ò lè jó fún un tọkàntọkàn, a ò sì lè dá a lẹ́bi. Òun àti ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ yẹn, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà: kò sí ẹlẹ́rìí fún ẹni tó fura, kò sí fún ẹni tí wọ́n fura sí.

Lóde òní, wọ́n ti ń wá ẹlẹ́rìí. Asáré ńlá gbọ́dọ̀ máa sọ ibi tó máa wà fún wákàtí kan lójoojúmọ́, kí àwọn tó ń dánni wò lè kanlẹ̀kùn láìròtẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2009 sì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tòní wé ẹ̀jẹ̀ ẹni tàná. Wọ́n tún lè tọ́jú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ fún ọdún 10, kí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kan Amusan ní oṣù keje ọdún 2023. Wọn ò ní àwọn bá oògùn lára rẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn wá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù 12, àwọn ò bá a. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Budapest, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò pé mẹ́ta. Àwọn tó fẹ̀sùn kàn án gbé e lọ sílé ẹjọ́ eré ìdárayá, wọ́n sì tún pàdánù ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó ká obìnrin náà lára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ìfura tí mo lè bọ̀wọ̀ fún nìyẹn: ó ní ọjọ́, ó ní òǹkà, ó ní adájọ́, ó sì ní ọ̀nà tí èèyàn fi lè jàre.

Ẹ wá wo ibi tí kò ti sí ìdánwò. Ní Tokyo lọ́dún 2021 kan náà, wọ́n ní àwọn asáré 18 kò gbọdọ̀ díje. 10 nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà ni. Ìdánwò mẹ́ta tí òfin béèrè láàárín oṣù 10 ṣáájú ìdíje ni kò pé. Àjọ eré ìje orílẹ̀-èdè ni òfin di ẹrù yẹn lé lórí. Àwọn ọmọ náà gbé pátákó, wọ́n fẹ̀hónú hàn lójú títì Tokyo. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ìdánwò kọ́ ni ọ̀tá olóòótọ́. Ẹni tó yẹ kó dán an wò tí kò dán an wò ló fi í sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí.

Yorùbá ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ìfura tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀, tí o kàn fi yínmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá gúgúrú, irú ẹ̀ ni. Ìlò tèmi rèé, kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Àkọ́kọ́, kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí màá fi gbà pé irọ́ ni mo rò? Bí ìdáhùn ò bá sí, kì í ṣe ìfura mọ́, ìlara ló wọ agbádá. Ìkejì, ta ni mò ń sọ ọ́ fún: ẹni tó lè wádìí ni, àbí ẹni tó máa bá mi rẹ́rìn-ín? Ìkẹta, bó bá já sírọ́, ṣé màá lè padà sí pápá kan náà lọ pariwo pé irọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ ò jìnnà sí wa lọ́gbà yìí. Wọ́n á lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri, ẹnì kan á gba A, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ó ti sọ́ọ̀tì." A mọ̀ pé àwọn kan ń sọ́ọ̀tì lóòótọ́, bí a ṣe mọ̀ pé Pettigrew lo oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi àbẹ́là kàwé mọ́jú náà wà lórí ìwé èsì yẹn. Bí o bá ní ẹ̀rí, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wò ó, kí o sì fi orúkọ rẹ sí i. Bí ìwọ lo gba A, tí wọ́n sì ní kí o wá ṣàlàyé ohun tí o kọ, má bínú. Jókòó, kí o ṣàlàyé fún wọn. Ẹlẹ́rìí rẹ ni wọ́n ń bá ọ wá.