Àlejò Tí A Kò Fún Láyè

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ jọ gba yàrá l'Oníkàn: ẹnì kejì rẹ mú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wá sùn lálẹ́ Jímọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ìkòkò obìnrin náà ti wà nídìí sítóòfù. Ojú ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbé Sàínábù ọmọ Jahṣi níyàwó ní Mọ̀dínà, àwọn kan jẹun tán, wọ́n jókòó ti ìtàkùrọ̀sọ. Ojú tì í láti lé wọn. Ọlọ́hun ló bá a sọ ọ́, nínú Súrà Al-Ahsábù, áyà 53, pé Òun kì í tijú òdodo. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ sùn mọ́jú o! Hádíìsì Bùkárí àti Mùsílímù sì fi àlejò ṣíṣe mọ sí ọjọ́ mẹ́ta.

Bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Má kojú obìnrin náà. Wọn kò so yìgì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì jáde, ìwọ àti àjèjì obìnrin ló kù nínú yàrá, ohun tí Ànábì kọ̀ fún wa. Bí kò bá gbọ́, wá ibòmíràn.

Ìwọ arábìnrin, bó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n mú wọlé tì ọ́, má dúró de ọjọ́ kẹta.