Àkísà Àgbà Lára Sinimá Ìwòyí

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Fíìmù náà ní àkísà tirẹ̀. Nígbà tí a ń gbé fíìmù bí *Aiyé* tí Hubert Ogunde ṣe ní 1979 kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, àwòrán 24 ní ń gba iwájú iná kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí eruku ń ha wọ́n lára, tí àmì róbótó sì ń ṣẹ́jú lókè lápá ọ̀tún pé kí ẹlẹ́rọ múra àtipààrọ̀ róòlù. Ní 2007, olùdarí fíìmù Robert Rodriguez fi kọ̀ǹpútà ha fíìmù rẹ̀, *Planet Terror*, kí ó lè dà bí ti àtijọ́, ó tilẹ̀ fo apá kan bí ẹni pé róòlù sọnù! Lónìí, ọ̀dọ́ Ayétẹ̀ ní Ìbàràpá lè fi fóònù ṣe bẹ́ẹ̀. N kò bá a jà bí ìtàn fíìmù rẹ̀ bá jẹ́ ti ayé àtijọ́. Ẹni tó ń ha ìtàn àná òde yìí ni n kò gbà fún.