Ṣé ó tọ́ kí á ta ilẹ̀ nítorí ìwé ètò ààbò?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọmọ yín fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ààbò ní ilé-ìwé gíga aládàáni kan ní Kútọnu. Ọdún 3 ni. Ó ní kí ẹ ta ilẹ̀ ẹbí fi san owó rẹ̀. Kí ni ẹ ó wí?

Ẹ̀kọ́ náà dára. Láti ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ti ń pa ọmọ ogun wa ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ìlú nílò ẹni tó mọ ohun tó ń fa ìjà. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í sọ ènìyàn di ọlọ́pàá. Ìdánwò ìjọba ni wọ́n fi ń mú wọn. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí, wọ́n sì ń wo ara. Iṣẹ́ ọdẹ ilé ìtajà kò sì béèrè ìwé gíga.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè: iṣẹ́ wo ni ọmọ ń wá? Ìwé wo ni wọ́n fi ń gbà á? Ṣé ìjọba mọ ìwé ilé-ìwé náà?

Ilẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ kan. Ti àwọn àbúrò rẹ̀ ni, àti ti ọmọ tí a kò tíì bí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí owó oko tàbí ti ọjà bá tó, ẹ rán an lọ. Bí kò bá tó, kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ìdánwò náà. Ìwé lè dúró di ọdún mìíràn. Ilẹ̀ tí a ti tà kì í padà.