Ọjọ́ Àkọ́kọ́ ní Abidjan

Tí o bá ń bá ọmọ Èjìgbò sọ̀rọ̀, kì í pẹ́ tí orúkọ Abidjan á fi jáde. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò, á gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, kó tó wọ Côte d'Ivoire. Kò yani lẹ́nu téèyàn bá gbọ́ Faransé ní Èjìgbò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábà sùn síta. Ará ilé ti ń retí rẹ̀: omi ìwẹ̀ wà, àmàlà wà, ẹni tó máa bá a ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà náà wà. Oore ńlá ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ Èjìgbò nìkan lo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé o ti dé Abidjan?

Ẹlòmíì á ní kí wọ́n jẹ́ kí àlejò sinmi ná, ṣebí àlejò lójú, kò fi ríran. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tí a kò là lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè wà ní dídì fún ogún ọdún. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ilé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé ọmọ ìlú: ó parí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò tó nǹkan. Tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, torí kò dáa kí àlejò kàn jáde láìwí fẹ́nì kan. Mú ọmọ ilé tí wọ́n bí síbẹ̀ dání. Ẹ lọ ra attiéké lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á. Ẹ̀gẹ́ náà ni, bíi gàárì wa, àmọ́ ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Kí ìyá náà ní Faransé tàbí Jùlá. Tí o bá ṣì í pè, jẹ́ kọ́mọ náà rẹ́rìn-ín, kó sì tún un ṣe fún ọ. Nílùú onílùú, ọmọdé lè jẹ́ olùkọ́ àgbà.

Ṣé ìyẹn á dáàbò bò ọ́? Rárá o. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó gbọ́ Twi, tó sì ti bímọ síbẹ̀, ló palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìkíni kì í ṣe owó ààbò. A kì í kí onílé torí kó má bàa lé wa. À ń kí i torí pé ilé rẹ̀ la wọ̀.