Ẹ̀ka Wo Ni Kí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Yàn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọmọ Fìdítì tàbí Ìlọrà tó bá ń kọ́ ìmọ̀ okòwò ní yunifásítì lè bi wá pé: ṣé ó tọ́ kí òun yan ẹ̀ka ìmọ̀ báńkì, nígbà tí Ọlọ́hun ti ṣe èlé ní èèwọ̀?

Èsì wa ni pé mímọ̀ kì í ṣe jíjẹ. Ẹni tí kò mọ ìṣirò èlé kò ní mọ ìgbà tó bá yọ́ wọ inú àdéhùn rẹ̀. Báńkì Jaiz, tí kì í gba èlé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012. Ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí gbogbo wa bá sá fún ìmọ̀ náà? Ṣùgbọ́n kí a rántí pé Anọ́bì gégùn-ún fún ẹni tó ń kọ èlé sílẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí a ó ti lo ìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìmọ̀ ìṣirò owó ńkọ́? Áyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, Súrátùl Bákárà 282, kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Ìmọ̀ ọjà títà náà kò kéré: ẹ bi àgbẹ̀ ọlọ́sàn tí ọsàn rẹ̀ jẹrà nítorí àìríbàárà.

Nítorí náà, kí a má kàn béèrè èyí tó ń tètè mówó wọlé. Ká béèrè èyí tí a ó lè dáhùn fún lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀.